Koríko Abẹ́ Òtílì

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ènìyàn ṣe ń há sínú pápá gbalasa tí kò ní ògiri, kó lọ bi Àbíkẹ́yìn léèrè. Ilẹ̀ bàbá rẹ̀ fẹ̀ débi pé bí o bá pe ènìyàn láti ẹnu ọ̀nà ilé, ẹni tó wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀ ò ní gbọ́, síbẹ̀ ó ti di ọdún kẹta tí obìnrin náà ti ń yí ká lórí rẹ̀ bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn. Kì í ṣe okùn ló so ó. Ìwé kan ni, ojú ewé méjì, tí wọ́n fi ike bò.

Bàbá rẹ̀ ló fọwọ́ sí ìwé náà nígbà tó ku oṣù mẹ́rin kó kú. Ó ní ohun tóun ti já gbà lẹ́nu igbó láti kékeré ti pọ̀ jù, ó tó kóun dá díẹ̀ padà. Ló bá fa ìdajì ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé lé ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹranko lọ́wọ́, pé kó di ibi ìfarapamọ́ fún àparò, ehoro àti ohunkóhun tó bá ń sá fún ènìyàn. Ọ́fíìsì ní ó dáa, ṣùgbọ́n ẹnì kan nínú ẹbí gbọ́dọ̀ máa gbé lórí ilẹ̀ náà, kó gbin ohun tó yẹ, kó máa ṣọ́ iná àti màlúù àti àwọn aṣẹ́gi, títí ibẹ̀ yóò fi yege. Ọjọ́ tó bá yege, wọn á fọwọ́ sí i, kálukú á sì máa lọ síbi tó bá wù ú. Bàbá rò pé òun ni yóò gbé ibẹ̀. Ikú ò bá a rò ó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin Àbíkẹ́yìn tó wà ní ìlú ńlá ní iṣẹ́ tí kò ṣeé fi sílẹ̀. Màmá ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ojú gbogbo wá yí sí Àbíkẹ́yìn, torí pé ó ti ṣiṣẹ́ rí níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú òdòdó, kò sì tíì bímọ tí yóò máa wọ́ lọ wọ́ bọ̀. Ìka tó tọ́ sí imú la fi ń ro imú, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí. Ó di ẹrù rẹ̀, ó sọ fún ọkọ rẹ̀ tó ń wa ọkọ̀ ojú irin pé òjò kan péré lòun fẹ́ lọ lò níbẹ̀. Ìgbéyàwó wọn ò tíì pé ọdún méjì nígbà yẹn.

Ọdún kìíní, òun fúnra rẹ̀ ló jẹ̀bi. Làpálàpá ló gbìn láti òkè dé ilẹ̀. Ohun tó wù ú nínú làpálàpá ni pé kì í kú: o ṣẹ́ ẹ̀ka rẹ̀, o rì í mọ́lẹ̀, ó ti di igi nìyẹn, kódà bí o bá ní kó kú, á ní òun ò ráàyè. Ọkàn rẹ̀ sì ti wà lọ́nà, ohun tó máa tètè hù ló ń wá. Gbogbo wọn yè. Nígbà tí ọkùnrin tí ọ́fíìsì rán wá dé, Àbíkẹ́yìn gbé ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí, ó ń retí ìyìn. Ọkùnrin náà kàn bi í pé ẹranko wo ló ń jẹ làpálàpá. Ewúrẹ́ gan-an tí kò mọ ìtìjú nídìí oúnjẹ, ó ń gbójú kúrò lára làpálàpá.

Ọ̀gá Pátákó ni àwọn tó ń gbé ojú ọ̀nà yẹn ń pe ọkùnrin náà, nítorí pátákó kan tó máa ń so mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù rẹ̀. Pátákó náà ga dé ìbàdí ènìyàn, wọ́n kun àmì roboto mẹ́wàá, tí wọ́n ń pè ní ojú, sí i ní funfun. Á gbé e dúró sínú igbó tí o gbìn, á ka ìṣísẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn, á wá lóṣòó títí ojú rẹ̀ fi dé ibi tí ojú ajá ọdẹ ń dé. Bí ó bá rí ju ojú funfun méjì lọ, o ti kùnà. Ṣáájú ìyẹn, á ti ka igi, kí mẹ́jọ nínú mẹ́wàá wà láàyè. Lẹ́yìn ìyẹn, á wá ìtẹ́ tàbí ihò tí ẹranko bímọ sí. Ìgbẹ́ kò tó, ìyẹ́ kò tó. Ó ní àlejò náà ń yàgbẹ́. Ẹni tó bá tẹ́ ìtẹ́ ló ní ilé.

Ọdún kejì, Àbíkẹ́yìn fi ọgbọ́n ṣe é. Ó hú làpálàpá dànù, ó gbin òtílì, torí pé ẹyẹ fẹ́ràn hóró rẹ̀. Ó gbin ọsàn wẹ́wẹ́ nítorí ẹ̀gún rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ajá wọlé. Ó fi eèsún sí àárín wọn ní ìdì ìdì, kò tò ó ní ìlà, nítorí Ọ̀gá Pátákó ti sọ fún un pé ìlà tó gún, ọ̀nà ni fún ẹni tó ń ṣọdẹ. Ó kó ẹ̀ka gbígbẹ jọ ní òkìtì òkìtì fún ehoro. Àárín igi ló wá fi sílẹ̀ kí koríko fúnra rẹ̀ hù. Ọkùnrin náà ti tẹnu mọ́ ọn pé ìsàlẹ̀ lẹranko ń gbé, kì í ṣe òkè.

Gbogbo rẹ̀ ló hù, àfi koríko. Ilẹ̀ abẹ́ òtílì mọ́ tónítóní bí ilẹ̀ pálọ̀ ẹni tó ń retí àna. Nígbà tí Ọ̀gá Pátákó lóṣòó, ojú funfun mẹ́jọ ló rí. Ó wo ilẹ̀ títí, ó wá bi í pé, "Àǹtí, ta ló ń gbá ibí fún yín?" Àbíkẹ́yìn rò pé ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ojú rẹ̀ sì pọ́n títí ọkùnrin náà fi gun alùpùpù rẹ̀ lọ.

Ó di ẹ̀bi ru ewúrẹ́, ó sọ ọgbà yí ibẹ̀ ká. Ó di ẹ̀bi ru ikán. Ó bu ilẹ̀ sínú ọ̀rá, ó gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ nípa ilẹ̀, ẹni yẹn ní kò sí ohun tó ṣe ilẹ̀ rẹ̀. Ó wá irúgbìn koríko wá láti ọ̀nà jíjìn, ó fọ́n ọn. Àwọn tó ń fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn bá koríko jà lóko wo obìnrin tó ń fọ́n koríko sóko, wọ́n mi orí. Koríko náà hù ní ọ̀sẹ̀ kejì, nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹrin, a ò rí i mọ́. Ó sunkún lórí ọ̀rọ̀ yìí níwájú Màmá, Màmá ní kó pẹ̀lẹ́, ó bu omi fún un mu.

Ìrọ̀lẹ́ gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni ọkọ rẹ̀ máa ń pè. Ní ọdún kìíní, ìbéèrè kan náà ló máa ń kọ́kọ́ bi í: ìgbà wo lò ń bọ̀? Ní ọdún kejì, ó di ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Ní ọdún kẹta yìí, kò béèrè mọ́. Ó kàn máa ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀ tó pẹ́ dé, àti aládùúgbò tó ń lu ògiri wọn, àti koríko ẹnu ọ̀nà wọn ní kọ́tà àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin, tó ní ó ti ga dé fèrèsé nítorí kò sí ẹni tó ń tu ú. Àbíkẹ́yìn rẹ́rìn-ín ẹ̀yìn ehín sí ti koríko yẹn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ọkọ rẹ̀ ò bi í mọ́ ló ń bà á lẹ́rù, ẹ̀rù náà sì máa ń bá a jí. Ẹni tí kò bá bi ọ́ pé ìgbà wo lò ń bọ̀ mọ́, ó lè jẹ́ pé ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń gbé láìsí ọ.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí Ọ̀gá Pátákó padà dé, ni Àbíkẹ́yìn bá gbé korobá lọ síbi ẹ̀rọ omi gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀ láràárọ̀. Ó máa ń pẹ́ níbẹ̀, nítorí èrò. Lọ́jọ́ yẹn, kò tíì rìn dé ìdajì ọ̀nà tí ọwọ́ korobá fi já. Ó bá yí padà láti wá wáyà tí yóò fi so ó.

Ẹ̀yìn ilé ló gbà wọlé. Màmá wà lórí ìkúnlẹ̀ lábẹ́ òtílì, ó ká aṣọ àlòkù sábẹ́ eékún, ó mú ọkọ́ kékeré rẹ̀ lọ́wọ́. Ó fa koríko kan tu, ó gbá gbòǹgbò rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí yẹ̀pẹ̀ lè gbọ̀n dànù, ó wá fi í há ọrùn òtílì, gbòǹgbò lókè, ewé nílẹ̀. Bí ó ti kọ́ gbogbo ọmọ rẹ̀ nìyẹn. Koríko tó bá padà kan ilẹ̀, á tún jí ni, nítorí náà, oòrùn ló gbọ́dọ̀ pa á. Àbíkẹ́yìn wo àwọn òtílì yòókù, ó rí i: koríko rírọ há ọrùn wọn káàkiri. Lọ́dún tó kọjá, ó ní láti jẹ́ pé Màmá máa ń kó wọn lọ dà sẹ́yìn balùwẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò gbà á láyè mọ́ lọ́dún yìí.

Inú bí Àbíkẹ́yìn débi pé ẹ̀rín ló kọ́kọ́ rín. Ọdún méjì ló fi ń wá olè koríko, bẹ́ẹ̀ ló ń bá olè jẹun nínú abọ́ kan.

Ó bi í pé kí ló ń ṣe. Màmá ò ta gìrì. Ó ní òun ń tu koríko, àbí ọmọ àgbẹ̀ ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní títu koríko ni? Àwọn ènìyàn ń kọjá lójú ọ̀nà, wọ́n ń rí oko ọkọ òun tó ń di igbó, wọ́n á ní ó kú, ó kú tọmọtọmọ. Díẹ̀ ló kù kí Àbíkẹ́yìn gbà á gbọ́, nítorí kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé Màmá ò lè rí ewé kan nílẹ̀ kó má bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

"Màmá, ẹ mọ̀ pé koríko yìí ló dè mí mọ́bí."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀ pé ọkọ mi ò bi mí mọ́ pé ìgbà wo ni mò ń bọ̀?"

Màmá fi ìka ha yẹ̀pẹ̀ kúrò lára ọkọ́.

"Ẹ ti há mi mọ́lé, Màmá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bí mi."

Màmá gbé ọkọ́ sílẹ̀. Ó gbìyànjú láti dìde, kò lè dìde, Àbíkẹ́yìn ò sì na ọwọ́ sí i. Ó jókòó sórí aṣọ náà.

"Tí wọ́n bá fọwọ́ sí ìwé yẹn, ìwọ ń lọ sọ́dọ̀ ọkọ ẹ," ni Màmá wí. "Èmi ńkọ́?"

Ìdáhùn rẹ̀ wà nílẹ̀, gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n. Ilé ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ni, ní àjà kẹta. Màmá ti lọ síbẹ̀ rí, ó lo ọjọ́ mọ́kànlá. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n náà kò burú, ìyẹn gan-an sì ni wàhálà ibẹ̀, nítorí ẹni tó bá burú, ènìyàn lè bá a jà. Obìnrin yẹn kì í jẹ́ kó gbá ilẹ̀, kì í jẹ́ kó fọ abọ́ tó fi jẹun. Màmá, ẹ sinmi. Màmá, ẹ jókòó. Wọ́n gbé àga sí ojú fèrèsé fún un, ó sì jókòó síbẹ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlá, ó ń wo ilẹ̀ nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, bí adìẹ tó ń wo àgbàdo inú ìgò.

"Ṣé kí n lọ máa ka mọ́tò lójú fèrèsé títí n ó fi kú ni?" Màmá béèrè.

Àbíkẹ́yìn ní kí ló dé tí kò sọ fún àwọn. Màmá ní ta ni ì bá gbọ́? Ọjọ́ tí ọmọ méjèèjì ṣèpàdé lórí fóònù nípa ibi tí wọ́n máa kó òun lọ, òun wà nínú yàrá kejì, òun ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò sí ẹni tó pe òun sí i. Àbíkẹ́yìn rántí ọjọ́ náà, ojú tì í. Inú ṣì ń bí i, ojú sì ń tì í, kò mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ tirẹ̀. Nínú àwọn méjèèjì, àparò kan ò ga ju ọ̀kan lọ. Ó so wáyà mọ́ korobá, ó padà lọ síbi omi.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọn ò fi bára wọn sọ ju "ẹ káàárọ̀" àti "oúnjẹ ti jinná" lọ. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, Àbíkẹ́yìn rí ọkọ́ kékeré náà lókè kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná, níbi tí ọwọ́ Màmá ò lè dé bí kò bá gun àga. Ó ní láti jẹ́ pé ó gun àga kó tó gbé e síbẹ̀. Kò sí ẹni tó dárúkọ rẹ̀.

Òjò rọ̀ dáadáa. Koríko tí wọ́n ti ń tu fún ọdún méjì yọ bí ẹni tó ti ń dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Màmá á gbé àga sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, á kó ọwọ́ méjèèjì lé itan, á máa wò ó bí ènìyàn ṣe ń wo abọ́ ìdọ̀tí nílé onílé. Ó ń dùn ún. Ẹ̀ẹ̀kan ni Àbíkẹ́yìn rí i tó dìde, tó rìn dé etí òtílì, tó dúró, tó wá padà wá jókòó.

Ọ̀gá Pátákó dé lówùúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fi àdéhùn sí. Ó ka igi: mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Ó gbé pátákó dúró, ó ka ìṣísẹ̀, ó lóṣòó. Ó pẹ́ lórí ìlóṣòó náà. Ojú funfun méjì. Ó wá gbé pátákó sí ibòmíràn nígbà mẹ́ta, kò rí ju méjì lọ. Ó ní ó kú ìtẹ́.

Wọ́n wá ìtẹ́ títí oòrùn fi gun àárín orí. Wọ́n wo abẹ́ gbogbo òkìtì ẹ̀ka, wọ́n ya eèsún sọ́tùn-ún sósì, ẹ̀gún ọsàn ha ọkùnrin náà létí. Wọ́n rí ìyẹ́ àparò. Wọ́n rí ibi tó ti fi yẹ̀pẹ̀ wẹ̀. Wọ́n rí ìgbẹ́ ehoro, ó tutù. Ìtẹ́ ni wọn ò rí. Ọ̀gá Pátákó fa bíírò yọ. Ó ní ó dun òun, òun mọ iye iṣẹ́ tó wà lórí ilẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ohun tóun ò bá rí, òun ò lè kọ ọ́. Ó di ọdún tó ń bọ̀.

Àbíkẹ́yìn jókòó sílẹ̀ níbi tó dúró sí. Kò sunkún. Ó kàn ń rò ó pé ọ̀la á mọ́, òun á gbé korobá, òun á lọ síbi omi, òun á padà wá. Ó wo òtílì àti ọsàn tó ti ga ju orí rẹ̀ lọ ní gbogbo ìhà, gbogbo rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn.

Ni Màmá bá dìde lórí àga ẹnu ọ̀nà. Kò mú ọ̀pá. Ó rìn bọ̀ wá, ó kọjá lára wọn, ó fara gba àárín òtílì dé ìdí ọsàn kẹrin, ibi tí wọ́n ti kọjá ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́jọ́ yẹn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ ya koríko. Àparò kan fò jáde, ó ré kọjá lókè orí Ọ̀gá Pátákó. Ẹyin mẹ́fà ló wà níbẹ̀.

Ọkùnrin náà kúnlẹ̀ tì í. Ó fọwọ́ kan koríko tó yí ìtẹ́ ká, ó ní koríko yìí kì í ṣe ti òjò yìí o, ó ti gbẹ ní ìsàlẹ̀, ti ọdún tó kọjá ni, ìtẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ náà sì ti pẹ́. Àbíkẹ́yìn wò ó. Koríko àtijọ́ ni lóòótọ́, ó ga, ó ki, kò fẹ̀ ju àwo ńlá kan lọ. Fún ọdún méjì tí Màmá fi tu gbogbo ilẹ̀ yẹn, ó ń tu yí ibẹ̀ ká ni. Ó ti mọ̀ láti ọjọ́ yìí.

"Màmá, kí ló dé tẹ́ ẹ fi èyí sílẹ̀?" Ọ̀gá Pátákó béèrè. Kò mọ ohun tó ń béèrè.

"Ẹyẹ tó ń sàba," ni Màmá wí, "ta ló máa lé e kúrò nílé ẹ̀? Kọ ọ́ sílẹ̀."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó fọwọ́ sí i, ó ní kí Àbíkẹ́yìn náà fọwọ́ sí i, ó so pátákó mọ́ alùpùpù, ó lọ. Láti ọdún mẹ́ta ni Àbíkẹ́yìn ti ń ro ohun tóun máa ṣe lọ́jọ́ yìí. Ó ti pinnu pé alùpùpù yẹn ò ní tíì dé ojú títì tóun fi máa pe ọkọ òun. Fóònù wà nínú àpò rẹ̀. Ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá àga Màmá, inú rẹ̀ ò sì dùn bó ṣe rò pé yóò dùn.

"Kò sí koríko níbẹ̀," ni Màmá wí, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. "Nílé ẹ̀gbọ́n ẹ."

"Kò sí, Màmá."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ mi á sinmi."

Ó fẹ́ fi ṣe àwàdà, ohùn rẹ̀ ò gbé e. Àbíkẹ́yìn mú ọwọ́ kan nínú ọwọ́ náà, yẹ̀pẹ̀ ìdí ìtẹ́ ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó fi í sílẹ̀, kó yọ fóònù. Ọkọ rẹ̀ gbé e lójú ẹsẹ̀, ó bi í pé ṣé kò sí wàhálà o, nítorí kì í ṣe ọjọ́ Ìsinmi.

"Wọ́n ti fọwọ́ sí i," ni Àbíkẹ́yìn wí. Ó gbọ́ bí ọkùnrin náà ṣe tú èémí sílẹ̀ lọ́hùn-ún, èémí tó ti ń dì mú láti ọjọ́ pípẹ́, ó wá mọ̀ pé kì í ṣe pé kò retí òun mọ́. Ẹ̀rù ló ń ba ọkọ òun láti béèrè. Àbíkẹ́yìn ní, "Koríko ẹnu ọ̀nà wa, ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀. Ó ti fẹ́ bo ilé."

"Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tu ú. Èmi àti Màmá là ń bọ̀."

Yàrá kan àti kọ̀rọ̀ ìdáná ni wọ́n ní ní kọ́tà yẹn, àwọn méjì ò tíì ráàyè yí ara padà nínú rẹ̀ dáadáa. Àbíkẹ́yìn mọ gbogbo ohun tí ọkọ rẹ̀ ń rò, kò sì ràn án lọ́wọ́.

"Koríko náà pọ̀ o," ni ọkọ rẹ̀ wí nígbẹ̀yìn. "Sọ fún Màmá pé ó pọ̀."

Kò tíì sọ ọ́. Nígbà tó fi máa gbójú sókè, kò sí ẹnikẹ́ni lórí àga, kò sí àga gan-an. Láti inú ilé ìdáná ló ti ń gbọ́ ẹsẹ̀ àga tó ń ha ilẹ̀ lọ sí ìdí kọ́bọ́ọ̀dù tí ọkọ́ kékeré wà lókè rẹ̀. Ó ju fóònù sílẹ̀, ó sáré wọlé kí Màmá tó gùn ún.